Orúkọ Onílé Àbúrò Mi

Ẹnu mi mú. Ìyá mi gan-an máa ń sọ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń bá agbẹ̀bí jà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí à ń lọ ní Mowe nígbà náà, èyí tí wọ́n fi pákó àti páànù kọ́ sẹ́yìn ilé epo, èmi ni wọ́n máa ń pè síwájú bí àdúrà bá le. Bí mo bá pàtẹ́wọ́ tí mo ní kí ọ̀tá kú, àwọn tó ń tòògbé lẹ́yìn á ta jí. Orí mi sì máa ń wú.

Aṣọ ni mò ń rán, Ifo ni mo ti kọ́ ọ. Èmi àti ìyá mi la jọ ń gbé, nínú ilé tí a ò tíì kùn. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá wa tún ní lẹ́yìn mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni, ìjọba sì ní kó lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Òkè Ọya fún ọdún kan. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Mo rán ẹ̀wù méjì fún un, mo ní bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀, kó pè mí.

Ó pè lóòótọ́. Ó ní òun ti gba yàrá kan nílé Málàm kan, bàbá àgbàlagbà tó ní ìyàwó méjì, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Kò sí ìjà láàárín wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí àwọn agùnbánirọ̀ bíi tiẹ̀ wá ṣe ìpàdé àdúrà ní yàrá rẹ̀, Málàm kanlẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dín àtẹ́wọ́ kù. Ohun tó sọ ò ju ìyẹn lọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di ńlá. Mo sọ fún ìyá mi pé ọ̀tá ìgbàgbọ́ ni bàbá yẹn, pé bó ṣe ń wo èèyàn gan-an burú. Ìyá mi ní, "Ṣé o ti rí i rí ni?"

Nígbà tó yá, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a gbọ́ nínú rédíò pé ìjà ẹ̀sìn ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà ní ìlú tí àbúrò mi wà. Wọ́n ń jó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń wá àwọn Kristẹni láti ilé dé ilé. Mo pè é, fóònù ẹ̀ ò lọ. Mo tún un pè láìmọye ìgbà. Ìyá mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó tú gèlè kúrò lórí, kò sì sunkún. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láti ọjọ́ Ajé náà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń pé jọ, àwọn ará Ibafo náà ń wá bá wa. Pásítọ̀ wa ní kí oníkálukú pe ọ̀tá rẹ̀ lórúkọ, torí àdúrà tí ò lórúkọ, lẹ́tà tí ò ní àdírẹ́sì ni. Ní gbogbo Òkè Ọya, mi ò mọ ẹnì kan ju onílé yẹn lọ, orúkọ tòun náà, àbúrò mi ò sọ ọ́ fún mi rí. Ni mo bá ń pè é ní Málàm Onílé. Mo ní, Málàm Onílé, ní orúkọ Jésù, kí ilẹ̀ lanu kó gbé ọ mì. Mo ní kó kú kó tó fọwọ́ kan ọmọ wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí í ṣe ọjọ́ kejì, ni mo gbóná jù. Ohùn mi há, àtẹ́lẹwọ́ mi sì wú débi pé mi ò lè di abẹ́rẹ́ mú.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyá mi kúnlẹ̀ sí. Òun ò pariwo. Ohun kan náà ló ń tún sọ: "Olúwa, ilé yòówù tí ọmọ mi bá wà, bá mi ṣọ́ ilé náà, bá mi ṣọ́ onílé." Mo gbọ́ ọ, ó sì bí mi nínú. Mo fọwọ́ tọ́ ọ, mo ní, "Mọ́mì, ẹ gbàdúrà bí ẹni tó ń gbàdúrà." Ó tún ohun kan náà sọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni. Mo gbé e, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní òun wà láàyè, àwọn sójà máa sin bọ́ọ̀sì àwọn jáde nílùú lọ́la, fóònù onílé lòun fi ń pè. Ìyá mi gba fóònù náà, ó ń wí pé, "Ọmọ mi, ọmọ mi," kò rí nǹkan mìíràn sọ. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé. Kò wá sí mi lọ́kàn láti bèèrè bí fóònù onílé ṣe dé ọwọ́ ẹ̀. Kódà, lọ́jọ́ Ẹtì mo dìde ní ìjọ, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti ká Málàm lọ́wọ́ kò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Láàárọ̀ Sátidé, èmi àti ìyá mi lọ dúró sí etí márosẹ̀ ní Ibafo, níbi tí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya ti máa ń já èrò kó tó wọ Èkó. Ó pẹ́ ká tó rí èyí tó dúró. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó wọ jalabíà funfun, ó dé fìlà pẹlẹbẹ, ó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Mo pòṣé, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìyá mi ló sáré gbá a mọ́ra. Àbúrò mi ni, nínú aṣọ Málàm.

Nílé, a gbé ẹ̀bà fún un, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ìjà bẹ́, Málàm fúnra ẹ̀ ló wá fa òun lọ́wọ́ nínú yàrá, ó mú òun wọ ẹ̀yìnkùlé níbi táwọn ìyàwó ẹ̀ ń gbé, ibi tí ọkùnrin mìíràn kì í tẹsẹ̀ bọ̀. Ẹ̀yìn àwọn àpò ọkà ni wọ́n fi òun sí. Málàm wá tẹ́ ẹní síta, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Àlùkùránì ẹ̀. Báwọn jàǹdùkú bá dé, á ní àwọn obìnrin òun ló wà nínú, ẹni tó bá máa wọlé, kó kọ́kọ́ pa òun.

"Ọjọ́ kejì ni wọ́n sọ òkò lu Málàm lórí," àbúrò mi ní. "Ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo irùngbọ̀n wọn. Wọn ò dìde."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Mi ò lè gbójú sókè.

"Èmi náà ń bẹ̀rù," ó ní, "àmọ́ bí Málàm bá ti wọlé wá wò mí, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n mi wà nílé, ó ń gbàdúrà fún gbogbo wa. Wọ́n á ní, 'Àmín.'"

Ìyá mi wò mí. Ó lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ayé, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, tèmi sì ti fọ́ sílẹ̀, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é kó má rùn. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún àbúrò mi: bí mo ṣe pe Málàm Onílé, ohun tí mo ní kó ṣẹlẹ̀ sí i, bí mo ṣe jẹ́rìí, àti àdúrà tí ìyá wa ń gbà fún onílé. Mo ní ojú ń tì mí. Ó ń yí òkèlè tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò jẹ ẹ́.

"A dúpẹ́ pé ẹ ò mọ orúkọ wọn," ó ní. Ó jọ ẹ̀fẹ̀, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní Málàm ṣì wà nínú ewu. Àwọn jàǹdùkú náà ti fura sí i, wọ́n sì ti búra pé àwọn á padà wá bá a. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo ní kó sọ orúkọ Málàm fún mi wàyí, kí n lè bá wọn gbàdúrà bó ṣe yẹ.

Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n wò mí lójú.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú," ó ní. "Mọ́mì ni mo máa sọ ọ́ fún."