Ọ̀pọ̀lọ́ Tí A Rẹ Láró

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, kò sí ẹni tó lè pe àwa ọmọ wálé jẹun mọ́. Ẹ̀yin tí kọnkéré yí ilé yín po, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ tó ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́ á kàn rọ̀, àwọn àkèré á sì máa yọ jáde láti inú rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń tì wọ́n láti ìsàlẹ̀. Níbi tí omi dúró sí lẹ́yìn ilé wa, lápá Noman's Land, ariwo wọn kì í jẹ́ kí àgbà gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Kwaɗo ni àwọn ọmọ Hausa ń pe gbogbo wọn. Ìyá mi ní tirẹ̀, ìdọ̀tí ló ń pe gbogbo wọn, ó sì ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tí mo fi mú wọn kan abọ́ òun.

Bàbá kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa nínú àgbàlá kan náà. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe níwájú ilé. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ti lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní erékùṣù kan láàárín òkun tí àwọn ará wa ń pè ní Pàńyà, ni wọ́n bá ń pe òun náà ní Bàbá Pàńyà. Ó ní òyìnbó kan gba òun kúrò lóko kí òun máa bá a gbé ẹrù wọ inú igbó orí òkè. Àkèré ni òyìnbó ọ̀hún ń kó jọ. Kò níṣẹ́ méjì ju kó mú wọn, kó yẹ̀ wọ́n wò, kó pín wọn ní ìdílé ìdílé, kó sì sọ èyí tí kò tíì lórúkọ lórúkọ. Bàbá á wá na ìka sókè: "Ọ̀kan nínú wọn, orúkọ mi ló ń jẹ́. Òyìnbó ṣèlérí fún mi. Ó wà nínú ìwé."

Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n fi bàbá yìí ṣe ẹlẹ́yà tán. Ìyá tó ń dín kosai, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́nu ọ̀nà wa á ní, "Pàńyà, àkèré ọmọ rẹ ń kí ọ o!" Ní ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bó bá ti dìde láti dá sí ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, ẹnì kan á ti kígbe "Pàńyà!" láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá á rọra jókòó. Ó máa ń dùn mí.

Àwa ọmọ nìkan la jókòó tì í. Ó ní ẹni tó bá ń fi àwọ̀ mọ àkèré, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ìka ni ká kà, ká wo ẹ̀yìn ojú bóyá ó wú, ká sì gbọ́ ohùn. Èmi tí mo gbọ́n jù mú ọ̀kan wá lọ́jọ́ kan, mo ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pé mẹ́fà. Mo kígbe, "Bàbá, Olúgbódi rèé!" Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o. Ọmọ tó bá mú ìka mẹ́fà wáyé, Olúgbódi là ń pè é. Èyí tó bá sì yọ ẹsẹ̀ ṣáájú, Ìgè ni. Kí ló dé tí ti àkèré á fi yàtọ̀? Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní kí n tẹ ìkẹfà wò. Kò ní oríkèé. "Ọkọ́ rẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Òun ló fi ń gbẹ́lẹ̀ wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo àwọn tó ní ọkọ́ yìí, ìdílé kan ni wọ́n."

Síbẹ̀, ẹlẹ́yà àwọn àgbà ti ń wọ̀ wá létí. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ìyá rẹ̀ ń rẹ aṣọ láró lẹ́yìn ilé wọn. Òun ló ní ká dán bàbá wò. A mú ọ̀pọ̀lọ́ kan, a fi àkísà tó ti mu aró pa á lára títí ó fi dà bí aṣọ tuntun. Bí bàbá bá ní irú tuntun ni, irọ́ ló ń pa nìyẹn. Ẹ wo ìwà!

Ọjọ́ Àìkú ni, inú àgbàlá wa ni ìpàdé sì wà. Ẹ̀yìn ilé ni mo fẹ́ ká pe bàbá sí, àmọ́ ọ̀pọ̀lọ́ fò bọ́ lọ́wọ́ mi, ó balẹ̀ síwájú ìyá oníkosai. Yéè! Ìyá figbe ta, alága fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, ariwo sọ: "Pàńyà! Wá sọ ọmọ rẹ lórúkọ!" Ìgbà yẹn ni àyà mi já. Mo mọ̀ pé bó bá ṣì í, kò ní lè la ẹnu mọ́ nínú àgbàlá yẹn, èmi ni mo sì fà á.

Bàbá gbé e. Ó dà á dojú dé, ó ka ìka, ó wo ẹ̀yìn ojú. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ mi, tó dúdú fún aró dé ọrùn ọwọ́.

"Ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìn ilé wa ni," ó ní. "Ẹ bá mi bi ọmọ yìí ta ló rẹ ẹ́ láró."

Ẹ̀rín pa wọ́n, kì í sì í ṣe bàbá ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá mi ti ń wá ẹgba. Alága ní, "Ha, bàbá, òótọ́ lẹ ṣiṣẹ́ yìí! Ti orúkọ yín tó wà nínú ìwé ńkọ́?"

Ká ní ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó wolẹ̀. "Lẹ́tà òyìnbó náà wá," ó ní. "Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló fún àkèré náà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, lábẹ́ ewé. Kò ju èékánná lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá oníkosai dìde, ó bu kosai gbígbóná sínú abọ́, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún un. Èmi ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan kò tíì nà mí.

Ọ̀rẹ́ mi àti èmi mú ọ̀kan lára àwọn tó ní ọkọ́ yẹn, a pa á mọ́ nínú ìkòkò títí ọjọ́ kẹjọ fi pé. A wá omi, a wá iyọ̀, a wá ṣúgà. Ọ̀rẹ́ mi ṣe alfa, èmi ṣe pásítọ̀, àdúrà méjì la gbà fún un, a sì sọ ọ́ ní Bàbá Pàńyà níwájú gbogbo ilé. Bàbá fọ ọwọ́ wá síbẹ̀.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ti kọ́lé bo ibi omi yẹn, àkèré kò sì pọ̀ mọ́. Bàbá ti kú tipẹ́, kò bímọ. Bí mo bá fi Yorùbá kí àwọn ọmọ-ọmọ mi, Hausa ni wọ́n fi ń dáhùn. Àmọ́ lẹ́yìn òjò tó kọjá yìí, ọ̀kan nínú wọn sáré wọlé bá mi, ẹrẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Mama, na kama babapanya!" Babapanya lòun mú. Mo bi í pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Kwaɗo ne mana," ó ní, àkèré ṣá ni. "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é."