Ọmọrí Abọ́ Ìyá Mi

Nígbà tí mo kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, abọ́ tánganran olódòdó kan wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn àfi ìyá mi. Inú rẹ̀ ló máa ń bu oúnjẹ sí fún ẹni tó bá pẹ́ dé, yóò sì fi ọmọrí rẹ̀ dé e. Bí ẹ bá ti rí abọ́ yẹn lórí tábìlì, ẹ ó mọ̀ pé ó ku ẹnì kan tí à ń retí.

Ọ̀kánjúwà ló ba tèmi jẹ́. Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi pẹ́ lóko, mo yọ́ lọ ṣí abọ́ náà nítorí ẹran. Ọmọrí bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ yángá. Mo kó àfọ́kù rẹ̀ lọ sí ààtàn, mo ní n kò mọ nǹkan kan. Ìyá mi wò mí títí. Àwo pẹlẹbẹ ló fi ń dé abọ́ náà títí ó fi kú, n kò sì jẹ́wọ́ fún un. Ó ń dùn mí dòní.

Abọ́ náà wà lọ́wọ́ mi níbí, ní àdúgbò Wedding, nínú ìlú Berlin ní Jámánì, níbi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Hamburg, ìlú míì, ló ti ń ṣe iṣẹ́ ẹnjinníà, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Ará Ṣáínà kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló bá wa ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí abọ́ náà, ó ní Jingdezhen ni wọ́n ti ṣe é, ìlú tí wọ́n ti ń mọ tánganran láti ayébáyé. Nígbà tí iṣẹ́ wá gbé ọmọ mi lọ sí Ṣáínà, mo ní kó mú mi dání, mo fẹ́ lọ ra ọmọrí.

"Ah-ah, Mummy! Nítorí ọmọrí?"

"Nítorí ọmọrí ni."

Ẹ̀yin ọmọ, mo dé ibẹ̀. Mo rí àwọn iléru àtijọ́ tí èéfín kì í jáde lórí wọn mọ́. Àfọ́kù pọ̀ nílẹ̀ débi pé mo ń wolẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rí tèmi níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan ń mọ abọ́ lọ́wọ́. A kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i, ni mo bá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó rẹ́rìn-ín, ó gba abọ́ mi, ó fìka yí etí rẹ̀ po, ó wá mi orí. Fóònù ọmọ mi ló ń túmọ̀ fún wa.

"Mummy, ó ní kò sí. Abọ́ àti ọmọrí rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń sun nínú iná, ọmọrí míì ò lè bá a mu."

Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún bàbá náà ní Yorùbá pé, "Èmi ni mo fọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́." Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Kò gbọ́ ọ, ó kàn bu tíì fún mi.

Ayé ti yí padà. Nílé wa níbí, oníkálukú ló ń jẹun nígbà tó bá wù ú. Lánàá, mo bu ìrẹsì sínú abọ́ náà, mo gbé ẹran ńlá lé e, mo fi àwo dé e de ọmọ-ọmọ mi. Nígbà tó ti iléèwé dé, ó ní, "Danke, Grandma, ich hab schon gegessen." Ó ti jẹun níta. Ìyá rẹ̀ náà tẹ̀ mí láago láti Hamburg pé òun ti jẹun.

Ní kékeré, mo fẹ́ jí ẹran ẹni tí gbogbo ilé ń retí. Lánàá, mo ṣí abọ́ náà, mo mú ẹran inú rẹ̀ jẹ, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè.