Ẹja Ẹnu Ọ̀nà

Ní erékùṣù wa, ẹni tó bá pa ẹja a máa gbé díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò rí pa, láìkanlẹ̀kùn, kójú má baà tì í.

A kó wá sí Agége láyé Sáàpù, nígbà tí ọjà wọ́n gógó tí iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ lé ọkọ aládùúgbò wa, ìyá mi gé ẹja kan ṣoṣo tá a ní sí méjì, wọ́n gbé ìdajì sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò náà.

Obìnrin náà figbe ta: "Ta ló gbé ẹbọ síbí? Ẹ̀yin ará omi, ẹ fẹ́ pa wá ni?" Ó gbá ẹja náà sí gọ́tà lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọlọ́run ò febi pa wá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, ìyá mi á kọ́kọ́ tilẹ̀kùn kí wọ́n tó bu oúnjẹ wa.