Aránbàtà Tó Wà Nínú Gíláàsì

Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu aránbàtà yìí ju òkúta lọ. Ó lè bá oníbàárà jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán, kí gbogbo ohun tó máa sọ má ju "ẹ padà wá lọ́la" lọ. Ìyàwó rẹ̀ máa ń ṣàwàdà pé igi lòun fẹ́, ó kù kó hu ewé.

Àfi ìgbà tí àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dé. Wọ́n ń kó ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ jọ, wọ́n sì fẹ́ ká ohùn àti àwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n da ìbéèrè bò ó títí ẹnu rẹ̀ fi là. Gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ò rántí ẹ̀ tán. Ó padà sídìí bàtà, ó gbàgbé wọn.

Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sọ̀ọ̀sán. Á wẹ̀, á pa atíkè, á wọ aṣọ ìjáde. Àgbàlagbà obìnrin o! Ọkọ ń wò ó láti abẹ́ ojú, inú ń bí i, kò sì mọ ohun tó yẹ kó rò. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ pa òun, ó bi í pé ta ló ń lọ kí.

"Ẹ̀yin ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó gbé báàgì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Orí bàbá dàrú. Òun tó jókòó sórí àpótí yìí, wọ́n tún ń lọ kí òun níbòmíì? Ó ju hámà sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni obìnrin náà gbà lọ tààrà. Nínú yàrá tútù kan, lára gíláàsì tó ga tó èèyàn, aránbàtà jókòó, ó ń rán bàtà. Àwòrán tí wọ́n ká sílẹ̀ lọ́jọ́sí ni, àmọ́ òun gan-an ni, tẹ̀wù-tẹ̀wù, tòun ti irun imú rẹ̀. Bí àlejò bá ti fọwọ́ kan ìbéèrè tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aránbàtà inú gíláàsì á gbójú sókè, á máa rojọ́ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ẹni tí kò bá rí ìbéèrè tirẹ̀ níbẹ̀ lè fẹnu bi í. Bàbá fara pamọ́ sẹ́yìn òpó, ó ń bi ara rẹ̀ pé ta wá lòun báyìí.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó fọwọ́ kan ìbéèrè kan: bàtà wo lẹ ò lè gbàgbé?

Ti inú gíláàsì ní bàtà ọmọdé kan ni, tí òun rán ẹsẹ̀ kan, tí òun ò rán ìkejì mọ́. Àkọ́bí òun ló ni ín. Ibà ló kì í mọ́lẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ tọ́jú ìyá tirẹ̀ lọ́nà jíjìn. Kí ìyẹn tó dé, wọ́n ti sin ọmọ.

Bàbá rọ̀ mọ́ òpó. Ṣé òun ló sọ èyí fún àjèjì? Látìgbà tí ọmọ yẹn ti kú, bí ìyàwó rẹ̀ bá ti béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, hámà ló máa ń mú, táá máa kan ìṣó.

"Ṣé ó pè mí kó tó lọ?" obìnrin náà bi gíláàsì.

"Mi ò ní ìdáhùn sí ìyẹn," ti inú gíláàsì wí, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí nípa bàtà."

Ó tún bi í, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ ọmọ kó jẹun. Ìyẹn tún ní kó béèrè bàtà. Inú bí bàbá, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí, bóyá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ni àbí ẹni tó sá sẹ́yìn òpó. Ojú tì í. Ẹnu rẹ̀ kàn ṣí ni.

"Ó pè ẹ́."

Obìnrin náà ò wẹ̀yìn. Ohùn kan náà ni, ó rò pé gíláàsì ló dá òun lóhùn. Ó sún mọ́ ọn. "Kí ló wí?"

Bàbá kúrò lẹ́yìn òpó, ó wá jókòó tì í.

"Ó bi mí pé ṣé o ti dé. Mo ní o ti wà lọ́nà, ó ku díẹ̀. Ó wá kọjú sí ilẹ̀kùn, kò sì yíjú kúrò níbẹ̀ mọ́."