Àtùpà Fiacre àti Sùtánà Wòlíì

Fiacre, tó ń tún rédíò ṣe ní Bantè, ló ṣe àtùpà orí pẹpẹ wa. Kò ní bọ́tìnì. Bí èèyàn bá fọwọ́ kan páànù pẹlẹbẹ ara rẹ̀, ó tàn. Fiacre ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Savalou. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Fiacre, torí òun náà ń retí rẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà nínú ìjọ, ni wọ́n bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kí ẹsẹ̀ Wòlíì Àyàndélé má baà tutù. Wòlíì wọ́ sùtánà náílọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó nawọ́ sí àtùpà. Iná ṣẹ́ pàrà ní ìka rẹ̀, àtùpà kú. Fiacre tún un ṣe, ó tún kú.

"Fiacre, ẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Lọ gbààwẹ̀. Bó bá kú lọ́jọ́ ìkórè, ẹlòmíràn ni yóò máa ṣe iná ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bàbá, sùtánà yín ló ń kó iná jọ lórí kápẹ́ẹ̀tì."

"Sùtánà mi ló dẹ́ṣẹ̀?"

Fiacre gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ike bo páànù náà, ó sì fi wáyà so ọ̀pá irin kan mọ́ ilẹ̀ níwájú àtùpà kí iná ara sùtánà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀, ó ní kí Wòlíì kọ́kọ́ dì í mú láti súre.

Lọ́jọ́ ìkórè, Wòlíì di irin mú, ó súre títí, ó fọwọ́ kan àtùpà. Ó tàn.

"Ẹ rí iṣẹ́ ààwẹ̀. Fiacre, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Fiacre, tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, ló kọ́kọ́ ṣe àmín.