Nọ́ńbà Kì í Bá Kéwú Rìn

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá Nafisah mọ iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta rèé tá a ti jọ ń ṣe ojú ìkànnì fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàngó, mi ò sì tíì rí ẹni tó kórìíra kéèyàn ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì bíi tirẹ̀. Tó bá ti ṣe bọ́tìnì kan tàbí káàdì kan sórí ìkànnì, ó parí, òun náà ni yóò máa lò káàkiri.

"Mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń yọ búlọ́ọ̀kù ni, Bọ̀dá Qudus," ló máa ń wí. "Tó bá wọ́, gbogbo búlọ́ọ̀kù ló máa wọ́."

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé kéwú kan ní Basin, mo ní òun náà ti di alfa kọ̀ǹpútà.

Ẹgbẹ́ awakọ̀ kan gbéṣẹ́ wá, àwọn tó ń gbé aboyún tó ń rọbí lọ sí ọsibítù. Awakọ̀ méjìléláàádọ́ta, káàdì kan náà fún gbogbo wọn: àwòrán, orúkọ, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù. Láàárọ̀ Jímọ̀, alága wọn dé, ó ní àfi ká fi ojú ìwé Lárúbáwá kún un kí wọ́n tó kírun, àwọn alfa ń bọ̀ wá wò ó. Lárúbáwá, ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí Nafisah kúkú yí káàdì yẹn gan-an sápá ọ̀tún, kó kárí àti ti Yorùbá àti ti Lárúbáwá.

"Bọ̀dá, nọ́ńbà kì í bá kéwú rìn," ó ní. "Kódà nínú ìwé Lárúbáwá, ọwọ́ òsì la ti ń ka nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí n ya káàdì ti Lárúbáwá sọ́tọ̀, kí n dán an wò dọ̀la. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Òwe lò ń pa fún mi, tí alága ń dúró! Ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù ni àbí èmi? Yí i!"

Ó yí i. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó di Àtìní, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà tán ni fóònù mi dún. Tahir ni, ọkọ Rasheedah àbúrò mi, láti Òkè-Oyì.

"Bọ̀dá, Rasheedah ń rọbí láti àárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà! Mo da nọ́ńbà awakọ̀ kọ láti orí ìkànnì yín, kò wọlé. Mo gbìyànjú mẹ́ta, ìkankan ò wọlé!"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni! Tún un pè!" Mo ń jágbe mọ́ ọn. Rasheedah nìkan lọmọ ìyá mi.

Nafisah dìde. "Ẹ ka nọ́ńbà kan sókè."

Mo kà á lójú kọ̀ǹpútà: "Mẹ́fà, ọ̀kan, mẹ́rin, méjì..."

"Nọ́ńbà fóònù wa wo ló ń fi mẹ́fà bẹ̀rẹ̀, Bọ̀dá?"

Mo wò ó dáadáa. Nọ́ńbà mẹ́rin tó yẹ kó kẹ́yìn ló ti lọ síwájú, mẹ́rin iwájú ti bọ́ sẹ́yìn, lórí gbogbo káàdì méjèèjìléláàádọ́ta. Yéè! Mo ti pa ọmọ ìyá mi!

Nafisah já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Bọ̀dá Tahir, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ṣáájú, ẹ fi mẹ́rin iwájú sẹ́yìn, ẹ má fọwọ́ kan ti àárín. Ẹ pè é báyìí!"

Ó jókòó, ó dá káàdì náà padà sí bó ṣe wà, ó ya ti Lárúbáwá sọ́tọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo nọ́ńbà fi tò padà.

"Láti ọjọ́ Jímọ̀," ó ní, kò wojú mi, "ta ló tún ti pè tí kò wọlé?"

Mo ń pe Tahir, kò gbé e. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Àlàásárì ku díẹ̀ kí fóònù tó dún.

"Bọ̀dá, obìnrin ló bí! Sàní, awakọ̀ tá a rí pè, ò fi falẹ̀ rárá. Dókítà ní ká ní a pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ. Ọlọ́run ló fi ìkànnì yín gbà wá o! Ọlọ́run á san yín lẹ́san!"

Nafisah ń wò mí. Àmín ló kù kí n ṣe, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Tahir," mo ní, "ìkànnì wa ló fẹ́ pa á. Èmi ni mo fà á. Nafisah kìlọ̀ fún mi, mo pariwo mọ́ ọn."

Igbe ọmọ náà nìkan ni mò ń gbọ́ lórí fóònù.