Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Wọ Oko Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí n tó dẹni tó ń gbé àdúgbò Fate níbí nínú Ìlọrin, abúlé kan lẹ́yìn ìlú ni ilé wa wà. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi. Òṣìṣẹ́ gidi ni, síbẹ̀ òṣì kò kúrò lára wa. Ní ilé kéwú, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi má baà rí bí aṣọ mi ṣe ya.

Àwọn àgbẹ̀ yòókù ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Wọ́n á kó iṣu jọ, wọ́n á jùmọ̀ gba ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á sì tà á ní ìlú fúnra wọn. Bàbá mi ní tirẹ̀, aláròóbọ̀ tó bá wá ká a mọ́lé ló ń tà fún, iye tí onítọ̀hún bá sọ ló sì ń gbà. Nígbà tí olórí ẹgbẹ́ náà, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dara pọ̀ mọ́ wọn, iwájú mọ́sáláásí ni bàbá mi ti dá a lóhùn, lójú gbogbo èèyàn: "Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká oko ni í wá ẹni kún ara rẹ̀. Ṣé mo jọ ọ̀lẹ lójú ẹ ni?"

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, iná ìgbẹ́ ràn mọ́ abà wa. Gbogbo èèbù tí a tọ́jú fún gbígbìn ló jóná. Bàbá mi kìlọ̀ fún ìyá mi pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi ní, "Èéfín tí gbogbo abúlé rí, èmi ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ròyìn rẹ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dé, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀ èèbù. Bàbá mi sá wọ yàrá. Ó ní kí n sọ pé òun kò sí nílé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ó húkọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n kó sí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olórí ẹgbẹ́ kàn sún mọ́ fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oko la wá ṣe, a ò wá ṣẹjọ́." Wọ́n bá kọjá lọ sóko.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Alásàrí kí bàbá mi tó jáde. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Kò lè wojú ẹnì kankan. Ẹ̀gbẹ́ olórí ẹgbẹ́ ló lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ ebè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà sún díẹ̀ láti fún un láyè.

Lọ́dún náà, iṣu wa bá tiwọn wọ ọkọ̀ kan náà, a sì jẹun yó. Ṣùgbọ́n títí bàbá mi fi kú, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí ní ìpàdé ẹgbẹ́, á sì dorí kodò.

Lónìí, ẹ̀yin náà ń ṣe alájẹṣẹ́kù ní ọ́fíìsì yín, ẹ sì ń fi ra mọ́tò. Ó dára, Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí i. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, aládùúgbò wa kan ta ilé rẹ̀ nítorí àìsàn, ìgbà tí ọkọ̀ wá kó ẹrù rẹ̀ la tó mọ̀. Gbogbo wa dúró sẹ́nu géètì wa, à ń wò ó. Nígbà èwe mi, ìtìjú ni ó máa ń mú kí èèyàn sá fún ìrànlọ́wọ́. Ní báyìí, àwa tó yẹ kó ṣèrànwọ́ ni ojú ń tì, torí a ò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń jìyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.